Òrùka Tó Ń Tú Nínú Fírísà

Tí mo bá sọ fún ènìyàn ní Ṣakí níbí pé iṣẹ́ DNA ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, ohun àkọ́kọ́ tó ń wá sí wọn lọ́kàn ni ọ̀rọ̀ ọmọ-ta-ni. Ọkùnrin kan ti gbé ọmọ wá bá mi nílé rí, ó ní kí n bá òun wò ó bóyá òun lòun bí i lóòótọ́. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ewúrẹ́ ni èmi ń bá ṣiṣẹ́ o." Ó wo ọmọ, ó wò mí, ó sì bínú lọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bi mí pé kí ni ẹni tó ka sáyẹ́ǹsì lè máa ṣe jẹun ní Òkè-Ògùn láìlọ sí Èkó, ẹ fìdí kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò le.

Òwú ni ìyá mi ń ràn tọ́ mi ní Ìsẹ́yìn, bàbá mi sì ń hun aṣọ òfì. Kò sí ọmọdé ilé wa tí kò mọ òwú tí wọ́n lọ́ jù. Ẹ mú òwú kan, kí ẹ lọ́ ọ títí, kí ẹ wá mú etí rẹ̀ méjèèjì pàdé: fúnra rẹ̀ ni yóò ká kò, yóò lọ́ mọ́ ara rẹ̀, yóò di ohun kékeré. Ẹ gé e níbì kan, gbogbo ìlọ́ náà á sì tú. Ohun tí mo fi ìgbà èwe mi ṣeré nìyẹn, òun náà ni mo sì fi ìgbà àgbà mi wò, àfi pé òwú tí mo wá ń wò lágbà kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i.

DNA ni okùn tín-ín-rín tó ń gbé ìlànà bí ara ohun abẹ̀mí yóò ṣe rí. Okùn méjì ló lọ́ mọ́ra. Nínú àwọn kòkòrò àìfojúrí, irú kan wà tí etí rẹ̀ méjèèjì pàdé, tó di òrùka. Òrùka náà kì í sì í tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó tún máa ń lọ́ lé orí ìlọ́ tó ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, títí yóò fi kéré, tí yóò sì ki. Òrùka yìí ni iṣẹ́ mi.

Ti pé mo jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe, tí mo kọ̀wé wáṣẹ́, tí wọ́n gbà mí, kò gba àlàyé. Owó oṣù náà kò pọ̀, ó sì bọ́ mi, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ilé ìwádìí ẹran ọ̀sìn tó gbà mí wà lẹ́yìn ìlú Ṣakí, lójú ọ̀nà tó jáde sí igbó, níbi tí màlúù ti máa ń gba iwájú fèrèsé wa kọjá. A ń wá abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ewúrẹ́, fún àìsàn kan tó máa ń mú wọn ṣunnú, tí ikun á máa ṣe ní imú wọn, tí odidi agbo á sì fi kú tán kí olówó rẹ̀ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n ti fi díẹ̀ nínú ìlànà kòkòrò àìsàn náà sínú òrùka DNA, kí ara ewúrẹ́ lè kọ́ láti dá a mọ̀. Òrùka tó lọ́ dáadáa máa ń wọ ara ewúrẹ́ ju èyí tó ti dẹ̀ lọ. Nítorí náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n gbà mí fún: báwo ni yóò ṣe pẹ́ tó kí ìlọ́ náà tó tú?

Ìyá Bùnmi ló kọ́ mi níṣẹ́. Ọmọ Kíṣí ni wọ́n, díákónẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, wọ́n ga, ohùn wọn sì lè jí ẹni tó ń sùn ní yàrá kejì. Àwọn ni olórí gbogbo àwa tí a ń ṣiṣẹ́ ní lábù. Nígbà tí mo dé, wọn kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan nǹkan gidi kan. Ìgò ni mo ń fọ̀. Tí mo bá fọ̀ ọ́ tán, wọ́n á gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, wọ́n á rí ohun tí èmi kò rí, wọ́n á sì dá a padà sínú omi. Mo máa ń sọ nínú ara mi pé tó bá jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n ń wá, kí wọ́n kúkú sọ.

Ohun tí wọ́n kórìíra jù ni kí ènìyàn máa gbọn túùbù. DNA tí wọ́n bá gbọ̀n jù á já. Ẹ̀yìn mi ni ohùn wọn ti máa ń dún: "Músílíù! Ṣé gààrí lò ń kù ni? Yí i pẹ̀lẹ́, bí ẹni yí ọmọ tó sùn padà." Mo ti bímọ kí n tó mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ yí Sàrátù ọmọ mi padà lórí ẹní, mo rẹ́rìn-ín, ìyàwó mi ní kí ló pa mí lẹ́rìn-ín, n kò sì mọ bí n ó ṣe ṣàlàyé.

Bí a ṣe ń rí ohun tí ojú kò rí nìyí. Ìyẹ̀fun kan wà tí wọ́n ń ṣe láti ara ewéko inú òkun. A ó sè é, á dì bí ẹ̀kọ, àfi pé á mọ́ gaara. A ó dá ihò sí i létí kan, a ó kán DNA sínú ihò náà, a ó sì fi iná mọ̀nàmọ́ná fà á gba inú ẹ̀kọ náà kọjá. Òrùka tó lọ́ dáadáa kéré, á sáré lọ sísàlẹ̀. Èyí tó ti dẹ̀ fẹ̀, á máa wọ́ tìkọ̀ lókè. Èyí tó ti já pátápátá, tó nà gbọọrọ, á dúró sí àárín àwọn méjèèjì. Tí a bá tan iná aláwọ̀ àlùkò sí ẹ̀kọ náà, ìlà kọ̀ọ̀kan á máa tàn.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí n ka ẹ̀kọ fúnra mi, wọ́n dúró ti mi.

"Kí lo rí?"

"Mo rò pé ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú, mà."

"Mi ò bi ọ́ ní ohun tí o rò. Kí lo rí?"

"Ìlà kan wà nísàlẹ̀ tó nípọn. Ọ̀kan wà lókè tó fẹ́lẹ́."

"Tòkè yẹn, ṣé ó wà níbẹ̀ lóṣù tó kọjá?"

"Rárá, mà."

"Ó dáa. O wá lè máa rò báyìí."

Gbogbo ẹ̀kọ́ iṣẹ́ náà kò ju ìyẹn lọ, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti bá àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n jókòó, mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ńláńlá, n kò tíì gbọ́ èyí tó wúlò fún mi tó o.

Irinṣẹ́ ti yí padà lójú mi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ẹnu la fi ń fa omi sínú ọ̀pá gíláàsì, mo sì ti gbé ohun tí n kò fẹ́ẹ́ rántí mì rí. Ọwọ́ la fi ń ya àwòrán ìlà inú ẹ̀kọ sórí ìwé. Lẹ́yìn náà ni kámẹ́rà dé, èyí tó máa ń pọ fọ́tò síta lójú ẹsẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ kọ̀ǹpútà. Ní báyìí ọmọ kékeré kan á fi fóònù ya ẹ̀kọ, á ti fi ránṣẹ́ sí òkè òkun kí tíì rẹ̀ tó tutù. Mo bá wọn yọ̀. Mo ṣì ń bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí.

Lójú tèmi, ohun tó dùn jù nínú iṣẹ́ náà ni wíwò ó fún ìgbà pípẹ́. Òrùka tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mú jáde, ìsàlẹ̀ nìkan ni ìlà rẹ̀ máa ń wà. Tó bá ti pẹ́ ní fíríìjì, ìlà òkè á bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Tó bá tún pẹ́ sí i, ti àárín á dé. Àwọn ènìyàn á rò pé òrùka kọ̀ọ̀kan ló ń tú díẹ̀díẹ̀. Rárá o. Okùn méjì ni òrùka kan ní. Bí ọ̀kan nínú wọn bá já níbì kan, ìlọ́ ọ̀hún á lọ tán lẹ́ẹ̀kan náà. Tí èkejì náà bá wá já ní ọ̀kánkán ibẹ̀, á nà gbọọrọ, kì í ṣe òrùka mọ́ nìyẹn. Inú túùbù ló ti dà bíi pé ó ń tú díẹ̀díẹ̀, nítorí pé òrùka ibẹ̀ pọ̀ bí iyanrìn, tí èyí ń já lónìí, tí ìyẹn ń já lọ́la. Ooru máa ń mú un yá. Kó máa dì, kó máa yọ́, kó tún máa dì, ìyẹn náà kò dára fún un. Ọ̀rọ̀ dídì àti yíyọ́ yìí ló sì fẹ́ ba ayé Ìyá Bùnmi jẹ́.

Dókítà wa, ẹni tó ni ìwádìí náà, tí ọjọ́ orí wa kò jìnnà síra, ti ṣe òrùka tó pọ̀ sílẹ̀ fún àwọn ewúrẹ́ tí a fẹ́ kọ́kọ́ gún lábẹ́rẹ́. Inú fírísà ńlá kan ni gbogbo rẹ̀ wà, òun àti àwọn kòkòrò àìfojúrí tí kì í ṣe ti àìsàn, tó máa ń bá wa sọ òrùka náà di púpọ̀. Ọdún yẹn, oṣù ààwẹ̀ bọ́ sí ìgbà tí oòrùn ń mú bí iná. Wọ́n rán mi lọ sí Ìbàdàn fún gbogbo oṣù náà, pé kí n lọ kọ́ bí a ṣe ń lo ẹ̀rọ tuntun kan. Ibẹ̀ ni mo ti rí àwòrán òrùka náà lórí kọ̀ǹpútà, tó ń yí, tó ń nà, tó ń ká, tí kò dúró sójú kan. Ẹnu yà mí. Èmi tí mo ti ń rí i bí ìlà lásán láti ìgbà yìí wá, n kò mọ̀ pé ìlọ́ náà kì í sinmi. Wọ́n tún kọ́ wa pé nínú kòkòrò tó wà láàyè, àwọn èròjà kan wà tó dà bí òṣìṣẹ́, tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa lọ́ DNA, kí wọ́n máa tú u, kí wọ́n sì máa lẹ ibi tó bá já. Mo ń gbádùn ara mi lọ́hùn-ún, n kò mọ ohun tó ń lọ nílé.

Fíríìjì kékeré tí àwa òṣìṣẹ́ ilé ìwádìí ń fi omi mímu sí ti jóná. Làmídì tó ń ṣọ́ géètì dìde lọ́sàn-án ọjọ́ kan láti ṣílẹ̀kùn fún mọ́tò, ojú rẹ̀ ṣú, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n ní kó ṣínu, ó ní òun kò ní í ṣe é. Ìyá Bùnmi rí i láti ojú fèrèsé. Àwọn tí kò gbà kí n mú bisikíìtì wọ lábù rí, àwọn ni wọ́n ṣí fírísà ńlá náà, tí wọ́n sọ fún gbogbo àwọn tó ń gbààwẹ̀ pé, "Ẹ gbé omi ìṣínu yín síbí, nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹ má fọwọ́ kan túùbù mi o."

Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan túùbù. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń kó ọ̀rá omi tí oòrùn ti sè wọnú fírísà, wọ́n ń ṣí i, wọ́n ń tì í, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀nba wákàtí ni jẹnẹrétọ̀ wa ń ṣiṣẹ́. Ohun inú rẹ̀ á yọ́ lọ́sàn-án, á tún dì tí iná bá dé, oṣù ààwẹ̀ sì fi bẹ́ẹ̀ parí.

Lẹ́yìn Ìtúnu Ààwẹ̀ ni mo padà dé. Ní géètì, Làmídì kò lè mú ọ̀rọ̀ náà mọ́ra, ó ń yin Ìyá Bùnmi bí ẹni yin ìyá tó bí i, ó ní omi tútù kò wọ́n àwọn ní gbogbo oṣù. Mo bi í níbi tí wọ́n ti ń mú un tutù, ó ní inú fírísà ńlá ni. Dókítà ní kí n ṣàyẹ̀wò òrùka náà kí a tó gún ewúrẹ́. Mo se ẹ̀kọ, mo fi iná fà á, mo tan iná aláwọ̀ àlùkò sí i. Ìlà òkè nípọn, ìlà àárín hàn gbangba, ti ìsàlẹ̀ tó yẹ kó jẹ́ ọba wọn rí bí irun orí.

Ìyá Bùnmi ti dúró sẹ́yìn mi.

"Kí lo rí?"

Ọdún tí wọ́n máa fẹ̀yìn tì nìyẹn. Mo ní, "Mà, bóyá ẹ̀kọ yìí ni kò dì dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe."

"Músílíù, mi ò bi ọ́ ní bóyá."

Mo sọ ohun tí mo rí. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ya fọ́tò rẹ̀, kí o máa bọ̀." A jọ lọ bá Dókítà. Wọn kò jókòó. Wọ́n ní, "Dókítà, òrùka yín ti tú. Èmi ni mo jẹ́ kí wọ́n fi omi sí fírísà, ẹ má bi ẹlòmíràn."

N kò rí ọkùnrin tó fẹ́ sunkún tí inú sì tún ń bí i tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó béèrè àwọn kòkòrò tó ń gbé òrùka náà. Inú fírísà kan náà ni wọ́n wà, nígbà tí a sì fún wọn lóúnjẹ, ìkankan nínú wọn kò hù. Dókítà ní, "Mọ̀ọ́mì, n kò kórìíra yín. Ṣùgbọ́n tí n kò bá rí òrùka yìí gbà padà, n ó kọ̀wé kí wọ́n dá yín dúró." Ẹni tí wọ́n bá dá dúró bẹ́ẹ̀ níbi iṣẹ́ tiwa, kò ní gba owó ìfẹ̀yìntì. Opó ni Ìyá Bùnmi. Wọ́n kàn dáhùn pé, "Ẹ ò jẹ̀bi, sà."

Ọ̀nà kan ló kù, Dókítà ló sì là á. A ó gba kòkòrò tuntun láti Ìbàdàn, a ó ti òrùka tó ti dẹ̀ wọnú wọn. Èyí tó ti nà gbọọrọ kò wúlò fún irú èyí. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ṣì jẹ́ òrùka, bó tilẹ̀ dẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ inú kòkòrò lè lẹ ibi tó já, kí wọ́n sì tún un lọ́. Ìbéèrè ibẹ̀ ni pé, ṣé irú òrùka bẹ́ẹ̀ ṣẹ́ kù nínú túùbù tó fi oṣù kan yọ́, tó fi oṣù kan dì? Dókítà ní kí Ìyá Bùnmi má fọwọ́ kàn án, pé èmi ni kí n ṣe é.

Ìyá Bùnmi gbé bẹ́ǹṣì síta, wọ́n jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lábù. Mo da òrùka àti kòkòrò pọ̀ sínú túùbù, mo gbé e lé yìnyín, mo fi kan omi gbígbóná fírí kí òrùka lè wọnú kòkòrò, mo dá a padà sórí yìnyín. Mo wá gbé e láti pò ó pọ̀. N kò mọ̀ pé wọ́n ń wò mí, àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn láti ìta: "Má gbọ̀n ọ́n!" Mo rẹ́rìn-ín lójijì, mo sì yí i pẹ̀lẹ́. Mo tẹ́ kòkòrò náà sórí àwọn àwo oúnjẹ wọn, èyí tí a ti po oògùn mọ́ kí kòkòrò tí kò bá gba òrùka má lè hù níbẹ̀, mo kó wọn síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Dókítà ti dé ṣáájú mi. A jọ ṣí i. Àwo àkọ́kọ́ mọ́ fínnífínní, kò sí nǹkan kan lójú rẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e náà rí bẹ́ẹ̀. A ń ṣí wọn lọ. Ojú àwo tó gbẹ̀yìn ni àmì funfun kéékèèké wà, bí iyọ̀ tí ènìyàn fi ìka méjì wọ́n. Èmi Mùsùlùmí, òun Onígbàgbọ́, àwa méjèèjì jọ pariwo "Alihamudulilahi!" A bọ́ wọn títí wọ́n fi pọ̀, a mú òrùka jáde lára wọn, mo fi iná fà á gba inú ẹ̀kọ. Ìlà kan ṣoṣo, nísàlẹ̀ pátápátá, ó nípọn, ó ń tàn. Gbogbo ìlọ́ rẹ̀ ti padà sára rẹ̀. Dókítà kò rán mi níṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló jáde lọ sábẹ́ igi, tó ní, "Mọ̀ọ́mì, ẹ dìde, ẹ wọlé wá wo iṣẹ́ yín."

Wọ́n fẹ̀yìn tì lọ́dún náà pẹ̀lú owó wọn pé pérépéré, èmi sì jókòó sípò wọn. A gún àwọn ewúrẹ́ náà lẹ́yìn òjò. Abẹ́rẹ́ ọ̀hún kò tíì dé ọjà títí èmi náà fi kúrò, àwọn tó kéré sí mi ń bá a lọ. Tí ẹ bá ń wá iṣẹ́ tí ẹ ó rí òpin rẹ̀ lójú ara yín, ẹ má ṣe irú tèmi. Ṣùgbọ́n mo dúpẹ́. Mo dúpẹ́ pé mo rí ohun tí àwọn àgbà ilé wa ń fọwọ́ ṣe lára òwú, kí n tún rí i pé Ọlọ́run ti ń ṣe é nínú ohun tó kéré ju eruku lọ. Mo sì dúpẹ́ pé obìnrin yẹn ló kọ́ mi níṣẹ́.

Oṣù ààwẹ̀ ọdún tó tẹ̀ lé e ló ń wù mí láti sọ jù. Dókítà ti lẹ ìwé mọ́ ara fírísà pé omi kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó ráhùn, ojú ń ti gbogbo wọn. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ààwẹ̀, mọ́tò kan dúró sí géètì lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Ìyá Bùnmi ló wà níwájú pẹ̀lú dẹ́rẹ́bà. Fírísà kékeré tuntun kan wà lẹ́yìn, omi ọlọ́ràá kún inú rẹ̀, ó ti dì láti ilé wọn.

Mo sáré lọ kí wọn. Mo ní, "Mà! Owó ìfẹ̀yìntì yín lẹ fi ra èyí? Lẹ́yìn gbogbo ohun tí omi fẹ́ fojú yín rí?"

Wọ́n ní, "Músílíù, òùngbẹ wọn kò ṣẹ̀ mí. Ibi tí mo ní kí wọ́n gbé omi sí ni mo ṣì. Ẹ wá gbé e sí kọ́ríọ̀dọ̀, kó jìnnà sí lábù mi."

A gbé e síbẹ̀. Oòrùn wọ̀, wọ́n pe ìrun. Làmídì mú ọ̀rá omi kan jáde nínú fírísà náà, gbogbo wa ń retí kó fi eyín ya á, nítorí ètè rẹ̀ ti gbẹ. Kò ya á. Ó lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú Ìyá Bùnmi, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn, ó ní òun kò ní í mu títí wọn yóò fi kọ́kọ́ mu.